Ìgbálẹ̀ ní Géètì Ará Ṣáínà

Ìgbẹsà,
lẹ́bàá Ọ̀tà.

Olúwabùkúnmi, Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Àbújá? Ara èmi le, àfi orúnkún tó ń ṣe bí ẹni bínú sí mi. Ọlọ́run tó gbé ọ débẹ̀ kò ní jẹ́ kí o rí ibi.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Mo kí ọ, o ò dáhùn, mo ṣe àmín sí àdúrà rẹ, o kàn ń sọ̀rọ̀ lọ ni. Mi ò bínú, mo mọ̀ pé òfin gbogbo ayé wà lọ́rùn rẹ.

O mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ táìlì àwọn ará Ṣáínà mọ ògiri dí ọ̀nà tí à ń gbà lọ sí ojú oórì bàbá rẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o bá mi wo ìwé òfin wọn. O ní òfin tiwa ni yóò dá ẹjọ́ ilẹ̀ tiwa, ṣùgbọ́n àwọn náà ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ gbá ojú oórì àwọn bàbá wọn, òfin wọn tiẹ̀ fi ṣe ọlidé. Ọmọ mi, ibẹ̀ ni mo ti dìde.

Ṣé o rántí Bàbá Akíndé, aládùúgbò wa, tó máa ń ní lọ́yà wo ni kì í lọ kóòtù, tó kàn ń ka òfin ìlú onílùú? Mo máa ń sọ fún un pé ṣe lo ń gbé òfin ìlú méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ẹni ń wo aṣọ lójú oòrùn, kí a lè mọ èyí tó ti ṣá. Á ní ṣé wọ́n ń sanwó fún ìyẹn náà.

Mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo mú ìgbálẹ̀, mo lọ dúró sí géètì wọn. Nùrẹ́nì, ọmọ Ìkirè tó ń ṣọ́ géètì, ní wọn ò gba agbálẹ̀ síṣẹ́ mọ́. Mo ní kó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ọkọ mi ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn, mo fẹ́ gbálẹ̀ fún un, ọmọ mi sì ti rí i nínú òfin ìlú wọn pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá náà wo ìgbálẹ̀, ó wò mí, òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Nígbà tí a débẹ̀, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, òun ló kọ́kọ́ gbálẹ̀. Nùrẹ́nì ní ọ̀gá náà ń sọ pé ó ti pẹ́ tí òun ti gbá ojú oórì bàbá òun gbẹ̀yìn. Omijé bọ́ lójú mi. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà ti wà lọ́rùn mi báyìí.

Bàbá Akíndé wá ń bi mí bóyá o mọ òfin Jámánì, nítorí àna rẹ̀ tó wà níbẹ̀. Mo ní kó ní sùúrù, ọwọ́ ọmọ mi dí.

Jọ̀ọ́, fi owó sìmẹ́ǹtì ránṣẹ́ kí a fi rẹ́ ojú oórì náà, àlejò ti ń débẹ̀. Má fi sí báǹkì o. Ẹ̀rọ tó ń sanwó lára ògiri wọn ń béèrè nọ́ńbà tí o ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, èmi ò sì sọ fún un. Fi rán Gbóyèga onímọ́tò.

Mo ti sọ fún bàbá rẹ pé ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún wa, inú mi dùn dé ibi tí mi ò lè sọ. Ìwọ tí ò ń wá ọ̀nà nínú òfin ilé onílé, ọ̀nà ilé tìrẹ kò ní dí mọ́ ọ láéláé. Ṣe àmín o, èmi ń dúró gbọ́.

Ìyá rẹ,
Àṣàkẹ́.