Ọ̀rá Tó Wà Níkùn Mi

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Láti Atakpamé níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Gàníyù, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ṣakí.

Ọjà abọ́ ń tà díẹ̀díẹ̀, ọyẹ́ sì ti bó wa létè. Nígbà tí ẹ rí fọ́tò mi, ẹ ní Tógò gbà mí, pé mo ti sanra bí olówó. Inú mi dùn. Àfi lọ́jọ́ ọjà ìlú Anié tó kọjá, bí mo ṣe ń sọ ẹrù abọ́ kalẹ̀, àyà mi fún pinpin, ojú mi ṣókùnkùn, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. N kò ní ẹbí kankan nítòsí. Afí, obìnrin Ifẹ̀ ìhín tó ń ta iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ló fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀, tó fi ọ̀kadà gbé mi lọ sílé ìwòsàn.

Faransé ni dókítà ń sọ. Afí ń túmọ̀ rẹ̀ sí Ifẹ̀, èdè wọn tó súnmọ́ tiwa. Dókítà ní ọ̀rá ikùn kì í kàn jókòó lásán. Ó ń da họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀rá bá pọ̀ jù, họ́mónù tó ń dáàbò bo iṣan ẹ̀jẹ̀ á dín kù, èyí tó ń bà á jẹ́ á pọ̀ sí i. Iṣan tó yẹ kó máa fẹ̀, kó máa súnkì, á wá gan, ọkàn á sì máa tiraka títí á fi rẹ̀ ẹ́. Mo bi í bóyá ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó ní ó ṣì bóró, bí mo bá múra.

Mo ti múra. Lẹ́yìn àdúrà àsùbá, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọ̀nà Kamina kí n tó ṣísọ̀. Lọ́sẹ̀ kìíní, mo sunkún lójú ọ̀nà. Afí tá a jọ ń rìn ní bí mo bá yí padà lójú ọ̀nà, òun ò bá mi ṣọ̀rẹ́ mọ́. N kò padà. N kì í sì í fo oògùn tí dókítà fún mi.

Mọ́mì, ẹ má bínú sóhun tí mo fẹ́ sọ. Bí Bàbá ṣe ṣubú náà nìyẹn, ọwọ́ láyà. N kò lè búra pé ohun tó pa wọ́n nìyí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fojú rí i pé ìyálé yín fi nǹkan sóúnjẹ wọn. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń kọjá lára ìyálé yín láìkí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá wọn. Kí Gàníyù náà lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Ikùn tó fi ń yangàn yẹn ń bà mí lẹ́rù.

Ọlọ́hun á lọ́ra ẹ̀mí yín, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo àdúgbò. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ìyálé yín, ẹ ní mo ní kí wọ́n forí jì mí. Èmi náà fura sí wọn.

Ọmọ yín tó ń fẹsẹ̀ rìn,
Ṣẹrífátù