Láfún Ẹnu Géètì Káńsẹ́lọ̀

Abà Ìṣápá,
Ọ̀nà Ìdèrè,
Ìbàràpá.
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ṣẹẹrẹ, 2025.

Tàófíìk ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá ọ gbé ní Ìlọrin tí o wà. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwa náà ń mí, a dúpẹ́. Mo kọ ìwé yìí dípò kí n pè ọ́ nítorí pé Nàfísàt àbúrò rẹ kì í jìnnà sí mi mọ́. Gbogbo ohun tí mo bá sọ lórí fóònù ló ń gbọ́.

O ní o ń bọ̀ wálé láti wá fi ojú awakọ̀ tó gbá àbúrò rẹ rí màbo. Jókòó síbẹ̀. Awakọ̀ tíìpà yẹn ti sá lọ, kì í sì í ṣe òun gan-an ni mo ń wá. Adérógbà, káńsẹ́lọ̀ wa, ni mo ń wá, mo sì ti rí i mú.

O rántí pátákó tí wọ́n rì mọ́ ẹnu ọ̀nà abà, èyí tí wọ́n ya ọmọ tó gun kẹ̀kẹ́ sí. Ìjọba ló fún káńsù lówó kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí wọ́n sì ṣe bọ́ǹpù tí yóò máa dín eré ọkọ̀ kù síwájú iléèwé. Adérógbà ló gba iṣẹ́ náà. Bọ́ǹpù méjì ló ṣe, méjèèjì wà níwájú ilé rẹ̀. Òkúta ìńtàlọ́ọ̀kì tó yẹ kí àwọn ọmọ máa rìn lórí rẹ̀, àgbàlá ara rẹ̀ ló tẹ́ ẹ sí, ó tẹ́ ẹ dé etí títì. Pátákó nìkan ló kàn wá.

Báyìí ni Nàfísàt ṣe gun kẹ̀kẹ́ tí o rà fún un bọ̀ láti iléèwé lóṣù tó kọjá. Ẹ̀gbẹ́ títì tó ń gbà, wọ́n sá láfún síbẹ̀. O mọ̀ pé a kì í tẹ láfún ẹni ẹlẹ́ni lábà wa. Èmi ni mo kọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Ó yà fún láfún, ó bọ́ sórí ọ̀dà, tíìpà sì gbá a. Dókítà ti wá sọ pé orúnkún òsì yẹn kò ní ká mọ́ láéláé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sọ iná sí ilé ọkùnrin náà. Mo tún inú rò. Láàárọ̀ Mọ́ńdè tó kọjá lọ́hùn-ún, mo ru láfún mi, mo lọ sá a sórí ìńtàlọ́ọ̀kì rẹ̀, ní ẹnu géètì gan-an. Hàlímọ̀ aládùúgbò wa rí mi, ó gbé tirẹ̀ wá. Kí oòrùn tó mú, gbogbo obìnrin abà ti dé, ilẹ̀ funfun báláú. Ta ni yóò wa mọ́tò gba orí oúnjẹ àwọn abiyamọ kọjá, tí yóò tún padà wá bẹ̀ wọ́n fún ìbò? Láti ọjọ́ náà ni jíìpù rẹ̀ ti há sínú ọgbà. Bí èyí tó wà nílẹ̀ bá gbẹ, a ó kó o, a ó sì sá tuntun. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ó ránṣẹ́ sí mi pé, "Ìyá Tàófíìk, ẹ ṣàánú mi, ẹ jẹ́ kí n rí ọ̀nà jáde." Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, pátákó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kó máa rìn ín. Ó sì ń rìn ín. Lánàá, díẹ̀ ló kù kí tíìpà kan gbá a. Káńsẹ́lọ̀ fò sínú gọ́tà tòun ti agbádá, bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́kù sórí títì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kí Ọlọ́hun dárí jì mí, ó dùn mọ́ mi.

Ó ti wá ń sọ báyìí pé òun yóò hú òkúta náà, òun yóò kó o lọ síwájú iléèwé. Ọjọ́ tí mo bá rí wọn lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ ni n ó tó kó láfún mi.

Bí o bá ń jáde láàárọ̀, kí o má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Kí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì gbé ọ padà wá bá mi. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Làtíífàt.

Àfikún: Ohun kan wà tí n kò lè kọ sókè níbẹ̀ yẹn. Láfún tí Nàfísàt yà fún lọ́jọ́ náà, tèmi ni. Èmi ni mo sá a síbẹ̀ láàárọ̀, èmi náà ni mo sì sáré kó o kúrò kí èrò tó pé jọ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè jẹ́ kí Adérógbà sinmi. Nàfísàt mọ̀, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.