Bí Orúkọ Job Ṣe Pa Rẹ́ Lórí Fáìlì Mẹ́ta

                                        9, Òpópónà Adéṣẹ̀gùn,
                                        Ọgbà, Ìkẹjà,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Kẹfà, 2025.

Fàúsát, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Baba àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara èmi le koko, ọkàn mi náà sì balẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kó balẹ̀.

O rántí Job, ará Èkìtì tí a jọ ń kọ kóòdù kọ̀ǹpútà, tó gbé àṣìṣe mi sára ògiri ọ́fíìsì, tó ní kí gbogbo ènìyàn máa kà á sókè? Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo ti san án fún un.

Rípò ni a ń pe ibi tí a ń kó kóòdù pamọ́ sí. Ó máa ń fi orúkọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan hàn. Job ti fi ọdún méjì kọ ti ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan n'Ìkẹjà. Nígbà tí a gba iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò kan l'Ágége, fáìlì mẹ́ta péré la nílò nínú rípò bísíkíìtì náà, àwọn tó ń ṣírò ọjọ́ tí ọjà máa bàjẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n kó wọn sínú rípò tuntun. Job fúnra rẹ̀ jókòó tì mí, ó kọ́ mi bí mo ṣe máa kó wọn pẹ̀lú ìtàn wọn, kí orúkọ má baà sọnù. Ó dìde tán, mo kàn dà wọ́n kọ, mo sì fi orúkọ ara mi wọlé, ó wá dà bí ẹni pé èmi ni mo kọ gbogbo ìlà.

Oṣù tó kọjá, àwọn oníbísíkíìtì parí àdéhùn, wọ́n gba rípò wọn, wọ́n sì tì í mọ́ wa. Ọ̀gá wa tuntun, Madam Stella, ní ẹnì kan ṣoṣo nínú àwa méjèèjì ni àwọn lè mú dúró. Wọ́n ṣí rípò tó kù wò, wọ́n ní:

"Láídé ló kọ gbogbo rẹ̀. Job, kí wá ni iṣẹ́ tìẹ?"

Job yíjú sí mi. "Láídé, abeg, bá mi sọ fún wọn now."

Mo ní, "Ma, ohun tó wà níbẹ̀ náà ni mo mọ̀."

Ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Oyún ìyàwó rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ.

Àná ló pè mí. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, àṣé ẹ̀bẹ̀ ló fẹ́ bẹ̀! Ó ní òun ti rò ó, òun ni kò kọ́ mi dáadáa lọ́jọ́ yẹn, kí n má bínú. Ó ní ilé iṣẹ́ kan l'Ọ́mọlé fẹ́ rí iṣẹ́ òun kí wọ́n tó gba òun, kí n jọ̀ọ́ fi fáìlì mẹ́ta náà ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́, orúkọ mi lórí gbogbo ìlà.

Ó ní, "God bless you, Láídé."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Bá mi kí Màmá àti àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá béèrè iṣẹ́ mi, sọ fún wọn pé ọ̀gá ti gbé mi ga. Má sọ ìyókù.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Láídé.