Àmì Tèmi Lára Ògiri

Màámi, ẹ kú ilé o. Ara mi le, òtútù Kánádà ò rí mi gbé ṣe.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Lánàá, wọ́n mú obìnrin kan tó mọ̀ nípa ìrònú èèyàn wá, kó wá fi ìbéèrè díwọ̀n bí àárín àwa òṣìṣẹ́ ṣe gún tó. Ó ní kí kálukú kọ orúkọ àwọn tó máa sá tọ̀ níbi iṣẹ́ bí ìṣòro bá dé. Ó wá ya gbogbo wa sára ògiri, ẹnì kọ̀ọ̀kan àmì kan, ó fi ìlà so wá mọ́ àwọn tí a yàn. Ìlà jáde lára tèmi, ìkankan ò wọlé. Mo rẹ́rìn-ín. Kò sí nǹkan kan, Màámi.

Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó kí n tó kọ èyí. Àmì yẹn jọ ilé wa ní Lotto nígbà tí igbó ṣì yí i ká, tí Dádì ń sọ pé, "Ẹ fara balẹ̀, èèyàn máa kọ́lé tì wá." Ṣé ó pẹ́ kí wọ́n tó dé? Mi ò rántí mọ́.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi Jésùlayọ̀mi. Ẹ bá mi kí Ìyá Sọ̀fíyátù gidigidi, àwọn ló kọ́kọ́ kọ́lé tì wá. Ẹ ní mo ṣì ń gbọ́ ohùn wọn láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kó dé: "Ará ilé yìí, ṣé ẹ jí ire?"

Ọmọ yín,
Dárasími