Ìbọn Bàbá ní Ìpàdé Onílé

Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ni ọ̀rọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà tí ìjọba ti kéde kónílé-ó-gbélé ni alága àwọn onílé àdúgbò wa ní Bódìjà ti ń sọ pé kí ẹni tó bá ní ìbọn gbé e wá kí òun tì í mọ́ yàrá kan nílé òun títí ìlú yóò fi tòrò. Bàbá mi nìkan ló ní ìbọn. Ìbọn ọdẹ ni, ó ní ìwé àṣẹ. Ọ̀yà kan ṣoṣo ni wọ́n tíì fi pa, Màmá sì ní ara ọ̀yà náà ò yá tẹ́lẹ̀.

Ní ìpàdé òní, alága ní òun máa pe ọlọ́pàá. Bàbá dìde.

"Òfin ló fún mi láṣẹ! Ṣé kónílé-ó-gbélé ló máa pa òfin rẹ́? Ìgbà tí ìlú ò fararọ gan-an lèèyàn ń wá ìbọn!"

Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, torí òótọ́ ni Bàbá sọ.

Alága rò ó díẹ̀. "Ó dáa, Bàbá, ẹ mú ìbọn yín dání. Ẹ̀yin lẹ ó wá máa ṣáájú àwọn tó ń ṣọ́ géètì àdúgbò lálaalẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Bàbá rọra jókòó, wọ́n ń fọwọ́ pa orúnkún.

"Alága," wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "yàrá tí ẹ fẹ́ gbé ìbọn sí yẹn, ṣé ó ní kọ́kọ́rọ́?"