Bàbá, Ràfíù Borí Mi Lórí Fàráńdà

Bàbá mi, ọ̀gá télọ̀, ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Ara mi le. Ojú nìkan ló fẹ́ máa sùn kí èmi tó sùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé mo ti di arúgbó.

Ọ̀rọ̀ fàráńdà yín ló gbé mi wá. Lẹ́yìn tí ẹ papò dà, Ràfíù àbúrò mi ní òun fẹ́ mọ bíríkì yí i ká, kí òun sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù. Ó ti da iyanrìn sílẹ̀ pàápàá. Ó ní àdúgbò Baruwa wa yìí ti lajú, ta ló tún ń jókòó ta ṣẹ́ẹ̀sì?

Bàbá, ṣé ibẹ̀ kọ́ ni ẹ ti fi ṣẹ́ẹ̀sì tọ́ gbogbo ọmọ àdúgbò? Ẹ gbé ṣẹ́ẹ̀sì dé òkè òkun, àwọn òyìnbó dìde kí yín, wọ́n sọ yín di ọ̀gá àgbà. Síbẹ̀ ìdí máṣíìnì yín lẹ padà sí, abẹ́rẹ́ á wà létí fìlà yín bí ẹ ṣe ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ọmọ ilé-kéwú á dé, àwọn ọmọ Aládùúrà á dé láti ìhà Command lọ́hùn-ún nínú aṣọ funfun wọn, ẹ ó sì kó wọn sórí bẹ́ńṣì kan náà. Tí ẹ bá ti rí ọ̀nà àtimú ọba, ẹ máa ń lá ètè. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì jẹ́ kí àwọn tó ń bá yín ta gbọ́.

Kí ló dé tí ẹ ò mú mi lọ sí òkè òkun náà rí? Ṣé torí pé prámárì tíríì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ni? Èmi tí mo mọ bí ẹṣin ṣẹ́ẹ̀sì ṣe ń fò kí n tó mọ orúkọ mi í kọ.

Mo sọ fún Ràfíù pé òkú mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé kọjá kí bíríkì tó débẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ mí, àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí bẹ̀ mí, mo kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tó yá, mo ní kó wá jókòó ká ta á. Tó bá borí, kó mọ bíríkì rẹ̀. Tí mo bá borí, kó kó iyanrìn rẹ̀ kúrò.

Àdúgbò pé. Bàbá, mo lù ú bí ẹní lu bàrà títí a fi dé àárín. Ni mo bá rí ẹṣin rẹ̀ kan gbalaja, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Ojú kòkòrò mú mi, mo fi ayaba gbé e. Kí n tó gbójú sókè, ọba mi ò ríbi sá sí mọ́. Kì í ṣe pé ó mọ̀ ọ́n ta jù mí lọ o. Ojú ọ̀tún yìí ni, jàre.

Ràfíù ti dìde, ó ń gbọn ṣòkòtò, ó fẹ́ lọ pe bíríkìlà. Mo ní:

“Jókòó. Nílé yìí, ẹni tó bá borí ló ń fi àṣìṣe han ẹni tó ṣubú. Àbí Bàbá kọ́ ló tọ́ ọ?”

Òfin yín ni, kò lè jiyàn. Ó ní:

“Ẹ̀gbọ́n mi, orí yín le ṣá.”

Ó jókòó. Ó to àwọn ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì padà, ó ń ṣàlàyé, mo ń ṣe bí ẹni tí kò yé. Ọmọbìnrin kan láti ilé kejì bi í pé kí ló dé tí ayaba ò padà sẹ́yìn. Ó dá a lóhùn. Ẹlòmíràn tún bi í. Wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́, ó ṣì ń sọ̀rọ̀, ó ti ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún yọ. Ó ní iyanrìn òun lòun wá wò. Mo gbé àga fún un. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ló ń wá. Àwọn ọmọ tí ò tíì ráyè lórí bẹ́ńṣì ń jókòó sórí iyanrìn náà, ó ti ń tàn ká.

Mi ò bi í léèrè ìgbà tó máa mọ bíríkì. Tí mo bá bi í, ó lè rántí.

Èmi ni, àkọ́bí yín, tó fẹ́ràn yín dé ibi tí ọ̀rọ̀ ò dé.