Ìgbésí Ayé Ìyá Oníwọ̀n, Tó Wọn Ìdọ̀tí Láìwojú Ẹnikẹ́ni

Ní ọdún 1951, nínú yàrá tó fara kan ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ni a bí olóògbé, ìyá wa àti ìyá àgbà wa, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Oníwọ̀n. Káfíńtà ni bàbá wọn, aránṣọ ni ìyá wọn. Ọmọ méjì péré ni àwọn òbí wọn bí: ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, tó jogún ṣọ́ọ̀bù náà, àti àwọn. Orí lẹ́búlẹ́bú pákó ni olóògbé ti kọ́ ìrìn, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n sì dì mú.

Ní 1957 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́. Wọn ò jìnnà níbẹ̀, nítorí àìsàn dá ìyá wọn dúbúlẹ̀, ilé sì nílò ọwọ́. Ìwọ̀nba tí wọ́n kọ́ ni wọ́n fi kọ́ ara wọn ní èyí tó kù.

Ní 1973 ni wọ́n fẹ́ ọkọ wọn, ẹni jẹ́jẹ́ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Bàbá wa máa ń sọ pé ìyàwó lòún lọ fẹ́, adájọ́ ni wọ́n dì fún òun. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ, ilé tó kọ ẹ̀yìn sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ni wọ́n sì ti tọ́ wa. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa àti ẹ̀gbọ́n wọn.

Ní 1980 ni wọ́n gba iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìmọ́tótó. Gọ́tà ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbá. Nígbà tó di 1994, ààtàn kún débi pé èéfín rẹ̀ ń wọ yàrá àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn, ìgbìmọ̀ ìlú sì ṣòfin tuntun. Owó ìdọ̀tí kò ní jẹ́ ọgbọọgba mọ́. Bí garawa ilé kan bá ṣe wúwo tó ni wọn yóò ṣe sanwó tó. Ẹni tó bá ya ìgò, agolo àti ìwé sọ́tọ̀, wọn yóò gbé ìyẹn sórí ìwọ̀n lọ́tọ̀, wọn yóò sì fi dín owó rẹ̀ kù. Wọ́n so òṣùwọ̀n mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ akódọ̀tí, wọ́n sì fi olóògbé sídìí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ yóò rántí. Àwọn kan ń wọ inú garawa lọ fẹsẹ̀ tẹ ìdọ̀tí mọ́lẹ̀ kó lè kéré, wọ́n gbàgbé pé wíwúwo la ń wọ̀n, kì í ṣe gíga. Bàbá Onífọ́tò há sínú tiwọn. Olóògbé ní, "Bàbá, ṣé kí n wọ̀n yín mọ́ ọn ni?" Àwọn mìíràn rẹ ìwé sómi kó lè tẹ̀wọ̀n dáadáa. Olóògbé á fún un bí ẹni fún aṣọ, wọ́n á ní, "Omi yín rèé, ẹ gbé e padà sílé."

Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í da ìdọ̀tí sínú garawa ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ fi àgádágodo ti garawa wọn, àwọn tó ti ń kí ara wọn látọdúnmọ́dún sì ń wo ọwọ́ ara wọn kí wọ́n tó kí. Opó kan ń dá gbé ní ìparí òpópónà, aṣọ rírán ló fi ń jẹun, kò sì lágbára àgádágodo. Garawa tirẹ̀ ń wúwo sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí owó ìdọ̀tí rẹ̀ fi kọjá ti ilé ọlọ́mọ púpọ̀. Nígbà tó yá, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síta pé kí wọ́n bá òun rà á. Ó ní, "Ìyá, èmi nìkan ni mo wà nílé. Kí ni mò ń jẹ tó wúwo tó báyìí?"

Olóògbé da garawa náà sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Lábẹ́ àjákù aṣọ ni lẹ́búlẹ́bú pákó pupa wà, tí ẹnì kan kì mọ́ inú ọ̀rá. Ẹ̀gbọ́n wọn nìkan ló ń fi pákó pupa ṣiṣẹ́ ládùúgbò. Gbogbo ẹni tó dúró ló mọ̀. Awakọ̀ rọra ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni."

Olóògbé gbé ọ̀rá náà dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹrù yín rèé."

Ẹ̀gbọ́n wọn ò dáwọ́ ayùn dúró. "Ìwọ tí mo pọ̀n dàgbà. Èmi lo wá fi ṣẹ̀sín lójú ayé?"

"Ẹ pọ̀n mí, Bọ̀ọ̀dá. Opó yẹn ò rẹ́ni pọ̀n ọ́n."

Ìgbìmọ̀ dá owó opó padà, ó sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wọlé. Ẹ̀gbọ́n wọn san owó náà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kò ti bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí àkọ́bí wa ṣègbéyàwó, àga rẹ̀ ṣófo. Nígbà tí a sin bàbá wa ní 2009, ìta ló dúró sí.

Nílé àdúrà, orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni olóògbé máa ń jókòó, orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń dá. Wọ́n bẹ ìgbìmọ̀ títí wọ́n fi gbà pé kí lẹ́búlẹ́bú pákó má ṣe wọ ìwọ̀n mọ́, bí olósìn adìyẹ bá ti lè kó o lọ tẹ́ sábẹ́ adìyẹ. Gbogbo káfíńtà ló jẹ àǹfààní rẹ̀. Olóògbé kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni pé àwọn làwọn ṣe é.

Nígbà tí àìsàn dé, ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn ni wọ́n ní ká tẹ́ ibùsùn àwọn sí. Bí ayùn bá ti dákẹ́ lódìkejì, wọ́n á gbórí sókè: "Ṣé Bọ̀ọ̀dá ń bọ̀ ni?" Opó tó jókòó tì wọ́n á ní, "Wọ́n ń sinmi ni, Ìyá." Ayùn á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán ni olóògbé dákẹ́, ayùn ṣì ń dún.

Àwọn tó gbẹ̀yìn olóògbé ni ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje, àti ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin. Òun ló kan pósí pákó pupa tí ẹ ń wò yìí, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun di nǹkan kan mú. Nígbà tó parí, ó gbálẹ̀, ó kó lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó gbé e kọjá garawa gbogbo ilé, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn gbé e dé ọ̀dọ̀ olósìn adìyẹ.

Ìyá Oníwọ̀n, Bọ̀ọ̀dá ti dé. Ẹ sọ ìwọ̀n kalẹ̀, kí ẹ sùn ire.